Ojú nánò lára gíláàsì àti ike: bí omi Èkó bá ṣe dé ni kí a ṣe é

Kí ẹnikẹ́ni tó ra kẹ́míkà kan ní Ọjọ́ta láti fi bo ojú gíláàsì, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn: báwo ni omi ṣe máa dé ibẹ̀? Ní Èkó, ọ̀nà tí omi ń gbà dé ojú gíláàsì kì í ṣe ẹyọ kan. Òjò wà tí atẹ́gùn ń gbá mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland. Òógùn wà: ẹ́ẹ̀sì ti mú inú ṣọ́ọ̀bù tutù, ìta móoru, ọ̀rinrin kún afẹ́fẹ́, gíláàsì á wá máa làágùn láti ìta títí tí ẹni tó ń kọjá kò fi ní rí ọjà tó wà nínú. Afẹ́fẹ́ òkun wà tó ń gbé iyọ̀ bọ̀ ní Victoria Island àti Lẹ́kì. Omi borehole náà wà, tí irin àti ẹfun inú rẹ̀ máa ń gbẹ mọ́ ojú gíláàsì lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán. Ohun tó gba gíláàsì lọ́wọ́ ọ̀kan lè fà á lé ìkejì lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ojú tí omi kì í dúró lé rárá, èyí tí fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń polówó káàkiri, kò yẹ ọ̀pọ̀ gíláàsì Èkó.

Ẹni tó bá ti já ewé kókò nínú òjò rí mọ ohun tí à ń sọ: omi á di rogodo lórí ewé náà, á yí dànù, ewé á sì gbẹ. Ní 1997 ni Wilhelm Barthlott àti Christoph Neinhuis, àwọn onímọ̀ ewéko ní Jámánì, ṣàlàyé bí irú ewé bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe é. Lára ewé lotus, tí wọ́n fi sọ àrà náà lórúkọ títí dòní, kókó kéékèèké kún ojú ewé, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi máíkírónì 10 (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Ìda tó rí bíi ọ̀pá tínínrín tún bo àwọn kókó náà, nínípọn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 100 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún máíkírónì). Afẹ́fẹ́ há sáàárín wọn, orí afẹ́fẹ́ yẹn ni omi jókòó lé.

Igun tí etí ẹ̀kán omi fi kan ojú nǹkan ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀. Lórí gíláàsì tó mọ́ tónítóní, igun náà kì í tó 10°, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí gíláàsì tí a fi silane, kẹ́míkà oní-silicon tó ń so mọ́ ojú gíláàsì, bò, ó máa ń wà láàárín 100° sí 110°. Bó ti wù kí kẹ́míkà dára tó, bí ojú náà bá ṣì tẹ́jú, kò ní ju nǹkan bíi 120° lọ. Kó tó lè kọjá 150°, ojú náà gbọ́dọ̀ rí gbágungbàgun ní ìwọ̀n máíkírónì àti nánómítà.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi ọ̀rọ̀ gbágungbàgun yìí lóye. Kì í ṣe òun ló ń lé omi. Ìṣirò Wenzel, láti 1936, fi hàn pé ohun tí ohun èlò náà fẹ́ tẹ́lẹ̀ ni gbágungbàgun ń fi kún. Ẹ mú akíríìlì, PMMA: igun rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 70°. Bí a bá sọ ọ́ di gbágungbàgun tí ojú rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì, 70° á wálẹ̀ di 47°, omi á túbọ̀ tẹ́. Ike polypropylene, tí igun tirẹ̀ tó 105°, á gòkè dé 121°. Bí afẹ́fẹ́ bá wá há sábẹ́ omi, tó jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni omi fi kan ike náà, ìṣirò Cassie àti Baxter ti 1944 á fún wa ní 158°. Oníbàárà tó bá ní kí a tẹ àwòrán ewé kókò sójú akíríìlì kí omi má bàa dúró lé e, òdìkejì ohun tó ń fẹ́ ló máa gbà lọ sílé, àfi bí a bá tún fi ohun tó kórìíra omi bo akíríìlì náà lẹ́yìn títẹ̀.

Ní Èkó, ọ̀tá afẹ́fẹ́ tó há yẹn ni òógùn. Òjò máa ń já láti òkè wá, ó sì lè fò dànù. Òógùn ní tirẹ̀, inú ihò kéékèèké yẹn gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi á hù láti ìsàlẹ̀, á lé afẹ́fẹ́ jáde, ojú tí a ṣe pé kó máa lé omi á wá di èyí tó di omi mú ju gíláàsì lásán lọ. Òróró ọwọ́ àti èéfín mọ́tò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ká tún fi ti wáípà kún un: rọ́bà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí gíláàsì tí iyanrìn wà lára rẹ̀ máa ń ṣẹ́ orí àwọn kókó náà, nígbà tí orí bá sì ti ṣẹ́, ohun tó kù kò lè gbé omi dúró mọ́.

Ohun tí àwa máa ń yàn nìyí. Fún gíláàsì ọkọ̀, ojú tó tẹ́jú tí omi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Fún gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tó ń làágùn, ojú tó ń fẹ́ omi, kí òógùn lè tẹ́ di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èèyàn ń rí inú rẹ̀ já. Fún gíláàsì sólà, awọ yanrìn oníhò tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà. Fún ike tí a ń fi mọ́ọ̀dù ṣe, kókó nánò tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ní ojú inú níbi tí ọwọ́ kò dé.

Fífọ̀ ni ìdajì iṣẹ́

Ojú méjì gíláàsì float kò jọra. Orí tin (irin kan) yíyọ́ ni ọ̀kan léfòó lé nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìkejì kọjú sí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá tan iná UV ti nánómítà 254 sí i nínú òkùnkùn, ojú tin á máa tàn bíi ìkùukùu funfun. Ẹ wọ jígí ààbò, ẹ má ṣe wo iná náà lójú. Níbi tí a bá ti lè yàn, ojú afẹ́fẹ́ ni kí a bò, torí pé tin tó ṣẹ́kù lára ìkejì kì í jẹ́ kí ìdìmú rẹ̀ dọ́gba.

Gíláàsì tí wọ́n tò léra wọn nínú ilé ìtajà tó rin ní wàhálà tirẹ̀. Omi á há sáàárín méjì, sódíọ̀mù inú gíláàsì á yọ́ sínú omi náà, omi á di bí omi eérú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ojú gíláàsì. Àbàwọ́n funfun tí ọṣẹ kò lè ṣí nìyẹn. Bí kò bá tíì jinlẹ̀, àtíkè cerium oxide tí a fi omi pò títí tó fi ki, tí a sì fi aṣọ fẹ́ẹ̀tì fi ra á, máa ń ká a kúrò. Bí èékánná bá lè mọ̀ ọ́n lára, ẹ gbé gíláàsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, owó ni ẹ máa fi ṣòfò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọṣẹ olómi, omi púpọ̀, omi distilled, lẹ́yìn náà ọtí isopropanol. Omi borehole kò gbọ́dọ̀ jẹ́ omi ìkẹyìn láéláé. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà lè ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ omi distilled lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ara ike rẹ̀ dáadáa, torí ásíìdì bátìrì máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì kan náà. Bí ẹ bá ní iná UV tó ń mú ozone jáde, ìṣẹ́jú 10 sí 15 lábẹ́ rẹ̀ tó. Bí ẹ kò bá ní in, gíráàmù 40 sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì nínú lítà omi kan, ìṣẹ́jú 5 kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti jígí ojú, kí a wá fi omi distilled ṣàn án títí.

Ìdánwò rẹ̀ kò ná owó. Ẹ da omi distilled sórí gíláàsì, ẹ gbé e dúró. Omi gbọ́dọ̀ bò ó bí aṣọ láìya, fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ibi tí omi bá ti fà sẹ́yìn, òróró wà níbẹ̀. Ẹ tún un fọ̀. Kí wákàtí kan má sì kọjá láàárín fífọ̀ àti bíbò, torí afẹ́fẹ́ Muṣin tàbí Òṣòdì kò ṣaláìní èéfín.

Ti gíláàsì ọkọ̀

Liming Wang àti Thomas McCarthy ló tẹ ọ̀nà yìí jáde ní 2016, a sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò nílò ààrò. Isopropanol gíráàmù 100, dimethyldimethoxysilane gíráàmù 10, ásíìdì sulphuric líle gíráàmù 1. Silane ni kó kọ́kọ́ wọ inú isopropanol, kí ásíìdì wá tẹ̀ lé e ní ẹ̀kán-ẹ̀kán pẹ̀lú rírò. Ẹ dé e, kó jókòó ní ìdajì wákàtí. Ẹ ri gíláàsì sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e dúró kó gbẹ fún 20 ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, omi distilled, kí isopropanol sì tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń hù lójú gíláàsì ni okùn silicone tínínrín, orí rẹ̀ kan so mọ́ gíláàsì, ìyókù ń mì fàlàfàlà bí omi. Gbogbo rẹ̀ kò nípọn ju nánómítà díẹ̀ lọ. Igun rẹ̀ kò ga, nǹkan bíi 104° ni, ṣùgbọ́n omi kò rí ibi dì mú lórí rẹ̀. Igun iwájú ẹ̀kán àti igun ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi 1°, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kán kékeré fi ń yọ̀ bí gíláàsì bá kàn dagun díẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ tí òógùn fẹ́ lé jáde, kò sì sí kókó tí wáípà máa ṣẹ́.

Ọ̀rinrin yàrá ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Nǹkan bíi 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dùn mọ́. Ní ìgbà òjò, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, yàrá Èkó lè kọjá 85. Àwọn silane á máa so pọ̀ mọ́ ara wọn dípò kí wọ́n so mọ́ gíláàsì, ẹ ó sì rí àmì funfun tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Nígbà ọyẹ́, tàbí nínú yàrá tí ẹ́ẹ̀sì ti gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, omi kò ní tó fún okùn náà láti hù, igun á dúró sí ìsàlẹ̀ 100°. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì gan-an, kì í ṣe sára ògiri, ẹ sì fi ẹ́ẹ̀sì darí rẹ̀.

Kí gíláàsì tó wọ ara ọkọ̀ ni kí a ti ṣe é. Ásíìdì náà kéré lóòótọ́, síbẹ̀ á jẹ ọ̀dà ọkọ̀ àti rọ́bà etí. Ẹni tó bá ra gíláàsì iwájú ní Ládípọ̀, kó ṣe é kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀. A kì í rì í ní tirẹ̀: ojú ìta nìkan ni, kí a fi aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ kì í já bù ú, kí a sì nù ún ní ọ̀nà kan ṣoṣo. A kì í gbé gíláàsì iwájú lọ sínú ààrò, torí pé ike PVB ló so gíláàsì méjì pọ̀ nínú rẹ̀, ike yẹn kò sì fara da ooru.

Igò kan wà tí wọ́n ń tà láìsí orúkọ kẹ́míkà lára rẹ̀, tí omi fi ń sá lójú ẹsẹ̀. Fluorine ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. PFOA, ọ̀kan nínú ìdílé yẹn, ti wà nínú ìwé àwọn kẹ́míkà tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm kà léèwọ̀ láti 2019, torí pé kì í rà, ó sì ń kó jọ sínú ara. Silicone tó wà lókè yìí ṣe iṣẹ́ náà láìsí fluorine kankan, a ò rí ìdí tí a fi máa da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀sà.

Láti wọn igun, síríǹjì insulin ti U-100 tó. Ìlà kan lára rẹ̀ tó bá dúró fún yúnìtì kan jẹ́ máíkírólítà 10, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 5. Ẹ fi ẹ̀kán máíkírólítà 5 sórí gíláàsì tó tẹ́jú, kí fóònù wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú gíláàsì, kí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ wọn gíga ẹ̀kán náà àti ìbú ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò. Igun náà jẹ́ ìlọ́po méjì arctan ti (gíga lọ́nà méjì, pín sí ìbú). Bí gíga bá jẹ́ mílímítà 1.5, tí ìbú jẹ́ 2.1, ó di 110°. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀kán mìíràn tó jẹ́ máíkírólítà 20 sórí rẹ̀, ẹ máa gbé etí pátákó tí gíláàsì wà lórí rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ igun tí ẹ̀kán fi yọ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà kejì yìí ni oníbàárà máa rí nínú òjò. Bí igun àkọ́kọ́ bá ga ṣùgbọ́n tí ẹ̀kán kò yọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Awọ yanrìn oníhò

Gíláàsì lásán ń dá nǹkan bíi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú kọ̀ọ̀kan, ojú méjì, 8. Awọ tó máa pa á gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n ìtẹ̀sí ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ 1.23, kò sì sí ohun líle kankan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ àyàfi èyí tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Yanrìn nánò tí ihò wà láàárín wọn ló ń ṣe é. Fún ìmọ́lẹ̀ nánómítà 550, ó gbọ́dọ̀ nípọn tó nǹkan bíi nánómítà 112. Ihò kan náà ló ń fa omi mu, ìdí nìyí tí awọ yìí fi wúlò fún gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tó ń làágùn.

Ohun tó ń lẹ yanrìn pọ̀ ni kí a kọ́kọ́ sè: TEOS (kẹ́míkà olómi tó ń di yanrìn) gíráàmù 20.8, ethanol gíráàmù 32, omi gíráàmù 7.2 tí a ti fi ásíìdì hydrochloric mú pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan rẹ̀) dé 2. Ẹ rò ó fún wákàtí mẹ́ta, á gbóná díẹ̀ fúnra rẹ̀, kó wá sùn di ọjọ́ kejì. Gíráàmù 60 nìyẹn, 6 nínú rẹ̀ ló máa di yanrìn. Fún kílò kan ohun bíbò, ẹ mú gíráàmù 57 colloidal silica, ìyẹn yanrìn nánò, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tó wà nínú isopropanol, tí ẹyọ yanrìn rẹ̀ jẹ́ nánómítà 10 sí 20, ẹ fi 30 gíráàmù ohun ìlẹ̀ yẹn kún un, kí ẹ wá fi 913 gíráàmù isopropanol là á. Gbogbo yanrìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ohun ìlẹ̀ bá pọ̀ jù, ihò á dí, ìmọ́lẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí ta padà. Bó bá kéré jù, aṣọ ìnujú ló máa nù ún kúrò.

Ẹ ri gíláàsì sínú ohun bíbò yìí, ẹ fi mọ́tò ìfà máa fà á jáde ní mílímítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìfà bá yára sí i, awọ á nípọn sí i: láti fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún nínípọn, ẹ fi nǹkan bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún eré. Àwọ̀ tó ta padà ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n, lójú páálí dúdú. Bó bá ṣe bíi àwọ̀ elésè àlùkò, ó tọ́. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi àwọ̀ tíì, ó tínínrín. Bó bá búlúù, ó ti nípọn jù.

Ohun méjì ló ń ba á jẹ́ níhìn-ín. Èkíní ni iná. Bí iná bá lọ nígbà tí gíláàsì wà ní ìdajì ọ̀nà, mọ́tò á dúró, ìlà gbọọrọ á sì yọ síbi tí omi ti kan gíláàsì nígbà yẹn, kò sí bí a ṣe lè mú un kúrò ju pé kí a fọ gbogbo rẹ̀ dànù lọ. Orí inverter ni kí mọ́tò ìfà wà, kó má ṣe wà lórí iná tí a máa ní láti yí sí jẹnẹrétọ̀. Ìkejì ni ìkùukùu funfun: ọtí tó ń gbẹ máa ń mú ojú gíláàsì tutù, ọ̀rinrin á dì sí i kí awọ tó gbẹ. Ọ̀rinrin yàrá gbọ́dọ̀ wà ní 40 sí 50. Bó bá ti ju 60 lọ, ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Gíláàsì tí kò tíì di tempered (èyí tí wọ́n fi ooru sọ di alágbára) lè wọ ààrò 450°C fún wákàtí kan. Èyí tó ti di tempered kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, torí pé agbára rẹ̀ á tú. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a gé, kí a lu ihò, kí a bò ó, kí a tó gbé e lọ fún tempering, ooru ààrò tempering, tó ju 600°C lọ, á sì yan awọ náà mọ́ gíláàsì. Sólà tí wọ́n ti tò tán kò ṣeé bò báyìí mọ́.

Fún gíláàsì tí oòrùn ń pa tààrà, titanium dioxide lè jẹ́ kí ó máa fọ ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ gíláàsì Pilkington ti ń ta irú rẹ̀ láti 2001, awọ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 15. Ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ kò ju nánómítà 388 ló ń jí i. Lábẹ́ bàràńdà, òkúta lásán ni.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń fọ gíláàsì: ọṣẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fọ aṣọ máa ń gbé pH kọjá 9, yanrìn sì ń yọ́ níbẹ̀. Ọṣẹ àwo olómi, omi púpọ̀, kànìnkànìn rírọ̀.

Ike inú mọ́ọ̀dù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ike lè gba àwòrán nánò, kó ra CD-R òfìfo kan ní Alábà. Ojú ọ̀nà inú rẹ̀ jìnnà síra wọn ní máíkírónì 1.6, ti DVD jẹ́ 0.74. Ẹ fi téépù lílẹ̀ ká fàdákà rẹ̀ kúrò, ẹ fi isopropanol fọ àwọ̀ rẹ̀. Acetone á ba polycarbonate jẹ́. Ẹ po silicone PDMS ní ìwọ̀n mẹ́wàá sí ọ̀kan ohun tó ń mú un dì, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ dà á lé e, 70°C fún wákàtí méjì, ẹ bó o. Ẹ tan lésà pupa ti nánómítà 650 sí i: ìmọ́lẹ̀ kejì gbọ́dọ̀ yà ní nǹkan bíi 24°. Bó bá jẹ́ ti DVD, 61°. Bí ìmọ́lẹ̀ kejì bá mọ́ dáadáa, àwòrán náà jinlẹ̀. Bó bá ṣókùnkùn, kò gbà á dáadáa. Ọ̀nà yìí kan náà la fi ń yẹ ike tó jáde nínú mọ́ọ̀dù wò, láìdúró de ẹ̀rọ awòye olówó ńlá, bí àwòrán náà bá ti fẹ̀ tó fún lésà náà láti yà.

Fún kókó tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, àyè láàárín wọn kò gbọ́dọ̀ ju nánómítà 250 lọ, gíga wọn 200 sí 300, kí orí wọn sì ṣonṣo. Wọn kì í ya lésà pupa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìlà tó fẹ̀ wà ní igun kan lára àwo mọ́ọ̀dù fún àyẹ̀wò. Àwo aluminium tí a fi iná mànàmáná àti ásíìdì gbẹ́ ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Oxalic acid oníkírísítálì gíráàmù 38 nínú lítà omi, iná fóltì 40, ihò á jìnnà síra wọn ní nǹkan bíi nánómítà 100. Aluminium tó mọ́ dé ìdá 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún ni kó jẹ́. Ti páànù òrùlé kò ní fún yín ní ihò tó tò dọ́gba. Omi náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 17°C. Omi ẹ̀rọ Èkó sún mọ́ 28°C, nítorí náà yìnyín gbọ́dọ̀ yí ìkòkò náà ká, kí a sì máa rò ó. Bó bá gbóná níbì kan, iná á kó jọ síbẹ̀, aluminium á jóná, á dúdú. Láti mú ihò ṣonṣo, ẹ máa fi phosphoric acid ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní 30°C fẹ ẹnu rẹ̀, kí ẹ tún fi iná gbẹ́ ẹ, ní àṣepadà.

Láti ara rẹ̀ la ti ń fi omi nickel sulphamate, 50°C, pH 4, gbìn awọ nickel tó nípọn tó mílímítà 0.3, bíi ti àwo tí wọ́n fi ń tẹ CD. Ihò aluminium á di kókó lára awọ yìí, nítorí náà a tún gbọ́dọ̀ gbìn awọ nickel kejì láti ara rẹ̀, kí ihò lè wà lára èyí tó máa wọ mọ́ọ̀dù. Iná kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ fi, títí nickel á fi bo gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó gbé e sókè. Bí ẹ bá kánjú, awọ á tẹ̀ kọrọdọ, kò sì ní jókòó dáadáa nínú mọ́ọ̀dù.

Nínú ẹ̀rọ, ohun tó ń pa àwòrán nánò ni awọ tó ń dì lójú ike ní kété tó bá kan irin tútù. PMMA máa ń le ní nǹkan bíi 105°C, polycarbonate ní 147°C. Bí mọ́ọ̀dù bá wà ní 60°C bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Ìlúpéjú àti Orẹ́gùn ṣe máa ń fi ṣe PMMA, ike á dì kó tó wọ inú ihò, kókó á jáde kúkurú, orí rẹ̀ á sì rí róbótó. Ẹ gbé ojú mọ́ọ̀dù dé 110 sí 115°C, ẹ fún PMMA yíyọ́ ní 240°C, ẹ di ìtẹ̀ mú, kí ẹ wá mú mọ́ọ̀dù tutù dé 80°C kí ẹ tó ṣí i. Ìṣẹ́jú àáyá á pọ̀ sí i lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde nínú mọ́ọ̀dù náà, torí pé afẹ́fẹ́ tó bá há máa ń jóná níwájú ike, á fi àmì dúdú sílẹ̀.

Ọ̀rinrin tún dé níhìn-ín. Ẹ gbẹ PMMA ní 80°C fún wákàtí 3 sí 4, polycarbonate ní 120°C, kí omi inú rẹ̀ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún. Àpò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láti àná kò gbẹ mọ́, bó ti wù kí wọ́n ti gbẹ ẹ tó tẹ́lẹ̀. Ìlà fàdákà tó ń sáré láti ẹnu ọ̀nà ike ni ẹ ó fi dá a mọ̀.

Bí kókó bá ń fà gùn tàbí tí orí rẹ̀ ń já nígbà tí ike ń jáde, ike náà ti sún kì ju bó ṣe yẹ lọ nínú mọ́ọ̀dù, tàbí kí ọ̀pá tó ń tì í jáde máa tì í ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ṣí mọ́ọ̀dù ní ooru tó ga díẹ̀ sí i, ẹ sì rí i pé gbogbo ọ̀pá ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìmọ́lẹ̀ lésà ní igun àyẹ̀wò bá ń dínkù láti ẹyọ dé ẹyọ, ike ti ń kù sínú ihò nickel. Ẹ gbé àwo náà jáde, ẹ rẹ ẹ́ sínú acetone di ọjọ́ kejì fún PMMA, ẹ fi isopropanol ṣàn án, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí òróró kò sí nínú rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá pẹ̀lú silica gel. Búrọ́ọ̀ṣì idẹ àti ohun tí wọ́n fi ń dán irin kò gbọ́dọ̀ kan ojú rẹ̀.